Ojú Mùínátù Ń Bẹ Nínú Páálí

Ojúlé Kejìlá,
Àdúgbò Ìṣíwọ̀,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, 1987.

Helen mi, ọ̀rẹ́ tó ti di ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Albert ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ wa tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín sí yín àbí ó ṣì ń fajú ro bí bàbá rẹ̀? Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì kò tíì là yín létè? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀? Màmá mi ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, mo sì ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ara wọn le. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń gbọ́ràn, wọ́n tilẹ̀ fi rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí láìdi ẹnikẹ́ni mú.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú. Lẹ́tà rẹ méjì ló wà níwájú mi tí n kò tíì fèsì sí. Jọ̀ọ́, má ṣe rò pé mo gbàgbé rẹ. Láti bí oṣù mẹ́rin sí àkókò yìí, bí ẹni tó ń lá àlá ọ̀sán gangan ni mo ń rìn kiri ìlú. Bí èèyàn bá pè mí lójú ọ̀nà, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí n tó dáhùn. Òjò ti rọ̀ tán báyìí, ó ti fọ gbogbo òrùlé Ìṣíwọ̀ mọ́, páànù tó ti dógùn-ún wá ń pọ́n yòò nínú oòrùn. Mo gbé àga síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti rò ó fún ọ látòkè délẹ̀.

Ṣé o rántí Alájì Gbàdàmọ́sí tó ń ta aṣọ ní Òkè-Ajé? Ọmọbìnrin rẹ̀ Mùínátù ti wà lára àwọn tí mo kọ́ ní àwòrán yíyà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìwé wa. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógún báyìí, ó sì ń kọ irú orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní rápù, èyí tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà gbé dé. Kì í ṣe orin kíkọ gan-an, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ tó ń sáré lórí ìlù ni, tí ìparí gbólóhùn kan ń pe ìparí èkejì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni tirẹ̀, tí o bá sì fetí sí i dáadáa, wàá gbọ́ Ìjẹ̀bú nínú ohùn náà. Ó ní ẹ̀yìn káńtà bàbá òun ni òun ti kọ́ ọ, níbi tí òun ti ń ka orúkọ aṣọ fún oníbàárà láìmí: léèsì, gínì, àdìrẹ, àrán, àǹkárá.

Oṣù kẹfà ló bẹ̀rẹ̀. Mo wà nínú kíláàsì, mò ń ya ìkòkò sára pátákó, nígbà tí Mùínátù yọjú lójú fèrèsé, tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Frederick nìyẹn. Ó ní ilé iṣẹ́ àwo orin kékeré kan ní Sùúrùlérè. Ó ti gba ohùn Mùínátù sílẹ̀ tán, orin mẹ́jọ, ó wá ku ohun tí wọn yóò fi wé e: páálí àwo, bébà tí àwo máa wọ̀ nínú páálí náà, àti ìpolówó ìdajì ojú ewé nínú ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti máa kà. Ayàwòrán Èkó ni òun ìbá gbé e fún, Mùínátù ló kọ̀. Ó ní, "Àǹtí Mọ́ṣádé ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan. Àwọn ni kí wọ́n yà á."

Helen, ìwọ lo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa rí lára mi. O mọ bí mo ṣe fi iṣẹ́ ìpolówó sílẹ̀ l'Ékòó nígbà tí ẹsẹ̀ Màmá dá wọn jókòó. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ya ìkòkò àti gúáfà sára pátákó, tí mo sì ń fi dọ́sítà nù wọ́n kúrò nígbà tí aago bá lù. Ọ̀gbẹ́ni Frederick wá sọ pé bí iṣẹ́ yìí bá dára, àga kan ṣófo nínú yàrá àwọn ayàwòrán òun. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dijú, àga yẹn ni mo ń rí, pẹ̀lú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé sórí bébà funfun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.

Ó kó àwo Amẹ́ríkà mẹ́ta fún mi pé kí n wò wọ́n ṣe. Kí n má purọ́ fún ọ, mo wò wọ́n ṣe, tayọ̀tayọ̀. A mú Mùínátù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. A wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ kan tó tóbi jù ú lọ sí i lọ́rùn, a fi ẹ̀wọ̀n tó nípọn bí okùn ewúrẹ́ kọ́ ọ lọ́rùn, a fi dígí dúdú bò ó lójú. Èmi fúnra mi ni mo ya ògiri bíríkì sára aṣọ tí a ta sẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè dà bí ìlú òyìnbó. Fọ́tò náà mú dáadáa. Nígbà tí mo fi han Mùínátù, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ó dára, Àǹtí," ni ó wí. Ó tún wò ó. "Ta ni?"

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ̀ ti fún un láyè láti kọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ rí. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé kí òun rí àwòrán náà kí ó tó jáde, nítorí kò fẹ́ kí ojú ọmọ òun máa rọ̀ lára ògiri ilé ọtí. Mùínátù ti ṣèlérí pé òun kò ní gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun tán, mo gbé iṣẹ́ mi sábíyá, ó di ṣọ́ọ̀bù Alájì.

Bí o bá wọ inú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé inú omi lo wà. Aṣọ ni láti ilẹ̀ dé àjà. Wọ́n ti ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ po, wọ́n tò ó lé ara wọn, etí wọn nìkan lò ń rí: ìlà aró, ìlà pupa fòò, ìlà àwọ̀ ewé, ìlà funfun báláú. Ariwo ọjà kì í wọ ibẹ̀ tán. Aṣọ ń mu ún.

Alájì fún mi ní àpótí jókòó, ó gba fọ́tò lọ́wọ́ mi, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ó lè rí i dáadáa.

"Tíṣà," ni ó wí, "ṣé òtútù ń mú ọmọ mi ni?"

"Rárá o, Alájì. Bí àwọn olórin irú ẹ̀ ṣe ń múra nìyẹn."

"Dígí yìí ńkọ́? Ṣé àpólò ló mú un lójú?"

Mùínátù fọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn káńtà. Èmi kò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín àbí kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Alájì kò bínú o. Ó kan dá fọ́tò náà padà bí èèyàn ṣe ń dá aṣọ tí kò bá a lára mu padà. Ó ní, "Ẹ gbà á, Tíṣà. Ó lè jẹ́ ọmọ èèyàn rere. N kò mọ̀ ọ́n ni."

Mo ti ń múra àtidìde lọ nígbà tí òjò dé. Òjò ńlá, irú èyí tí í lé gbogbo ọjà wọ abẹ́ ilé. Iná lọ. Àwa mẹ́ta jókòó sínú òkùnkùn tútù yẹn, pẹ̀lú òórùn aṣọ tuntun, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kí a máa gbọ́ páànù lókè. Nígbà tó pẹ́, Alájì béèrè, bí ẹni pé kì í ṣe ẹnì kan pàtó ló ń bi, "Orin yìí gan-an, kí ló ń wí?"

"Ṣé kí n sọ ọ́, Bàbá?" ni Mùínátù béèrè.

Alájì kọjú sí i. Mùínátù gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí òkìtì aṣọ kan, ó ń lù ú díẹ̀díẹ̀. Ìró rẹ̀ nípọn, ó rẹlẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ohùn rẹ̀ wá wọlé sáàárín rẹ̀:

Màmá àgbà gbé igbá aṣọ karí, ó dojú kọ Ìbẹ̀fun,
Òjò pa á lọ, oòrùn pa á bọ̀,
Ó polówó, ó polówó, títí ohùn fi há,
Ohùn tó há ní ọ̀fun rẹ̀ ló wá là lẹ́nu mi.

Ìyá Alájì ni orin náà ń wí, Màmá Ràmọ́tà, tí wọ́n dá òwò náà sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Mo ti gbọ́ orin yẹn lórí kásẹ́ẹ̀tì tó ìgbà ogún, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́ dé òpin. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Alájì ń wo ilẹ̀. 

Ó mi orí. "Kì í ṣe Ìbẹ̀fun."

"Bàbá?"

"Kì í ṣe Ìbẹ̀fun ló kọ́kọ́ ń ná. Odògbolú ni. Ó ti bí Mọ́rúfù àbúrò mi kí ó tó máa dé Ìbẹ̀fun. Èmi ni mo ń tẹ̀ lé e, mo máa ń di etí ìró rẹ̀ mú." Ó tún mi orí. "Kì í polówó, ká má tíì sọ pé ohùn há. Dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́. Bó bá dé agboolé kan, á sọ igbá kalẹ̀, á jókòó, á ní kí wọ́n bun òun lómi mu. Wọ́n á bi í pé kí ló rù. Á ní kò sí nǹkan. Ìgbà yẹn ni gbogbo obìnrin ilé á jáde wá, wọ́n á ní àwọn fẹ́ tú u wò. Èyí tó dára jù sì rèé, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà."

Mùínátù ní, "Bàbá, wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀ o."

"Kí wọ́n tún un gbà," ni Alájì wí. Ó wá fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ káńtà. "Tún un sọ. Fi Odògbolú síbẹ̀ kí n gbọ́."

Ó fi Odògbolú síbẹ̀, kò bá a mu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀rọ̀ mìíràn, bàbá àti ọmọ. Àwọn méjèèjì ń fi ọwọ́ lu aṣọ nínú òkùnkùn, tí ọ̀kan bá mú ọ̀rọ̀ kan wá, èkejì á ní rárá. Wọ́n ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Nígbà tí òjò dá, mo jáde jẹ́jẹ́. N kò mọ ọ̀nà tí mo gbà délé. Nínú orí mi, igbá kan ni mo ń rí tí ẹnì kan sọ kalẹ̀ sílé onílé, tí a kò mọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é, láàárín ìgbà tí mo bá ti ilé ìwé dé sí ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìta páálí náà kò ní ojú kankan. Etí aṣọ ni mo yà, ìlà méjìlá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Lára ìlà kan ṣoṣo ni mo ti kọ MÙÍNÁTÙ, ní lẹ́tà wínníwínní, bí orúkọ tí wọ́n ń tẹ̀ sí etí aṣọ láti ilé iṣẹ́. Àwọn ìgbà kan wà tí mo gbé búrọ́ọ̀ṣì dání, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bà lé bébà, tí n kò mọ̀ mọ́ bóyá èmi ni mò ń ya ìlà náà tàbí ìlà náà ló ń fà mí lọ. Ojú Mùínátù wá wà lórí bébà inú. A ya fọ́tò tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù, láìsí dígí, láìsí ẹ̀wọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fa bébà náà jáde nìkan ló máa rí i. A kọ ọ̀rọ̀ orin sẹ́yìn bébà náà, bí Alájì ṣe tún un ṣe. Ti ìpolówó, ìlà méjìlá náà ni, dúdú àti funfun, orúkọ rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ méjì péré nísàlẹ̀: *Tú wò.*

Alájì fi ìka ra ìlà kan bí ìgbà tó ń yẹ aṣọ wò. Ó ní, "Èyí kò ní ṣá." Ó fa bébà inú jáde, ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó wò ó, ó sì rọra tì í padà. "Ibí yìí ni kó wà."

Mo gbé e lọ sí Èkó ní ìparí oṣù kẹjọ. Ọ̀gbẹ́ni Frederick yí páálí náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ojú ọmọ náà dà?"

"Ó wà nínú, sà."

"Ta ló máa ra àwo tí kò rí ojú olórin?" Ó fà á sápá kan. Ó ní ọ̀la ni ìwé ìròyìn máa gba ìpolówó kẹ́yìn, kí n fi fọ́tò onídígí dúdú sílẹ̀ fún òun, kí n sì wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní. Ó tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kan láti fi àga náà hàn mí. Helen, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lóòótọ́. Fọ́tò náà wà nínú báàgì mi. Kí n kàn fà á yọ ni.

Mo gbé e sórí tábìlì nítorí pé òun ló ni ín, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé Mùínátù kò gbà á, bàbá rẹ̀ kò gbà á, èmi náà kò sì ní fi orúkọ mi sí i.  Ó bínú. Fóònù dún nínú yàrá kejì, ó sì lọ dá a lóhùn láìwẹ̀yìn.

Mo jókòó pẹ̀lú iṣẹ́ méjèèjì níwájú mi. Susannah, obìnrin tó ń bá wọn tẹ̀wé, gbé tíì wọlé. Ó wo fọ́tò onídígí, ó wo páálí tèmi, ó wá gbé tèmi. Ó rí etí bébà inú, ó fà á jáde. "Háà, wo ojú ọmọ yìí!" Ó pe akọ̀wé tó ń kọjá. Akọ̀wé náà ní kí ó dá a padà sínú kí òun náà fà á jáde fúnra òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni awakọ̀ wọlé wá gba kọ́kọ́rọ́, tí òun pẹ̀lú kò lọ láìfà á. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ọ̀gbẹ́ni Frederick dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀. Ó rìn wá, ó gbé páálí náà. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó fà á jáde.

Ó ní, "Gbogbo wọn ló tú u." Ó jókòó. "Èyí ni n óò tẹ̀ jáde."

N kò tíì lè dúpẹ́ tán tó fi sọ ìyókù. Ó ní iṣẹ́ mi dára, ṣùgbọ́n ẹni tí òun bá ní kó ṣe báyìí tó bá lọ ṣe tinú rẹ̀, òun kò lè bá a jókòó sínú ilé iṣẹ́ kan. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá ayàwòrán náà, kò fi ìbínú tì í. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ṣágámù. N kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a kúrò ní Ṣágámù, ẹkún náà ti tán.

Ìwé ìròyìn náà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ní ọjọ́bọ̀, Alájì rán Mùínátù lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan ní Odògbolú, mo sì bá a lọ. Obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó múra bí òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ń ṣí ìwé ìròyìn náà. Ó dé ojú ewé wa. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ka ọ̀rọ̀ náà sétè, ó ṣí ewé náà sí ẹ̀yìn, ó rí i pé ìpolówó ìpara ni, ó tún ṣí i padà. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ewé náà sókè sí fèrèsé kí oòrùn lè gbà á kọjá, ó ń wá ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo fi ìgbòǹwọ́ gún Mùínátù. Ó mi orí fún mi pé kí n dákẹ́. Ìdì aṣọ náà wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí rẹ̀.

Obìnrin náà kọjú sí i. "Ẹ má bínú o, ó jọ pé nǹkan ń bẹ nínú ibí yìí, àbí?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà," ni Mùínátù wí.

Obìnrin náà fi ìka sáàárín ewé náà kí ó má baà sọnù, ó pa ìwé náà dé, ó gbé orí ti fèrèsé. Òjò ti fọ igbó ẹ̀bá ọ̀nà, gbogbo ewé ń dán.  Helen, mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí Odògbolú sún síwájú díẹ̀ sí i.

Bá mi kí Albert gan-an ni. Fi ẹnu kan ọmọ wa léreke lẹ́ẹ̀mejì, ti Màmá kan, tèmi kan. Kọ̀wé sí mi kíákíá, má ṣe fi ìyà lẹ́tà méjì jẹ mí.

Èmi tí àárò rẹ ń sọ,
Mọ́ṣádé